Àwo Tánńganran àti Iṣẹ́ Iná Nínú Amọ̀

  Ẹ jókòó dáadáa, ẹ fi etí sílẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ìyá mi ní kí n gbé ọbẹ̀ kaná ní ọjọ́ kan. Ọ̀lẹ ń ṣe mí lọ́jọ́ náà, n kò fẹ́ fọ ìkòkò. Mo bu ọbẹ̀ sínú àwo tánńganran funfun kan tí bàbá mi fi owó iyebíye rà, mo sì gbé e lé orí àdògán. Kò pẹ́ rárá tí mo fi gbọ́ "pàà!" Àwo là sí méjì, ọbẹ̀ dà sínú iná, èmi náà sì bú sẹ́kún kí ẹnikẹ́ni tó nà mí. Wọ́n nà mí tán, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn mi. Ní ẹ̀gbẹ́ àdògán kan náà ni ìkòkò ìyá bàbá mi wà, ìkòkò dúdú kan tí ó ti ń jókòó lórí iná láti ìgbà tí a kò tíì bí mi, tí kò sì là. Mo bi ìyá mi pé, "Ìyá mi, ṣé amọ̀ kọ́ ni àwọn méjèèjì ni?" Ó dá mi lóhùn pé, "Amọ̀ ni wọ́n. Iná tí ó kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ ni kò dọ́gba."

Ìyá mi kò mọ̀ọ́kọ, kò sì mọ̀ọ́kà, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ó sọ. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ òní ni ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe wá mọ ohun tí iná gbígbóná ń ṣe nínú amọ̀. Irọ́ wà nínú ìtàn náà, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀, ọba kan sì wà níbẹ̀ tí ó fi ènìyàn ra ìkòkò.

Àwọn ará Ṣáínà ni ó kọ́kọ́ mọ àwo tánńganran ní gbogbo ayé. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é. Ìlú tí ó lókìkí jù lọ fún iṣẹ́ náà ni Jingdezhen. Òkè kan wà nítòsí ìlú náà tí wọ́n ń pè ní Gaoling, níbi tí wọ́n ti ń wa amọ̀ funfun kan báyìí. Láti ara orúkọ òkè yìí ni àwọn Òyìnbó ti mú orúkọ tí wọ́n fi ń pe irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ títí di òní, èyí ni kaolin. Ó bá ẹfun tí àwa ń wà nínú ilẹ̀ tan. Àwọn amọ̀kòkò Jingdezhen a máa po amọ̀ yìí mọ́ òkúta funfun kan tí wọ́n ti gún kúnná, wọn a mọ ọ́n ní àwo, wọn a sì sun ún nínú iná ìléru tí ooru rẹ̀ le gan-an.

Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo wọ̀nyí lọ sí Yúróòpù, ẹnu ya àwọn ará ibẹ̀. Àwo náà funfun bí ẹyin adìẹ. Bí a bá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, òjìji ìka ẹni a máa hàn láti ẹ̀yìn rẹ̀. Bí a bá fi èékánná ta á, a máa dún bí agogo. Omi kò lè wọ inú ara rẹ̀, epo kò sì lè rin ín. Àwọn ọba àti àwọn ọlọ́rọ̀ ń du ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́ débi pé wọ́n ń pè é ní wúrà funfun. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí a fi ń ṣe é. Àwọn kan ní ìkarahun ẹyin àti ìkarahun ẹja òkun tí a lọ̀, tí a sì rì mọ́lẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún ni. Àwọn mìíràn rò pé gíláàsì tí a po mọ́ amọ̀ ni. Ní ìlú Florence ní Ítálì, láti nǹkan bí 1575, àwọn ará ilé Medici dá a wò. Ohun tí wọ́n rí ṣe jọ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilẹ̀ Jámánì. Ní ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀ tí ń jẹ́ Saxony, ọba kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Augustus. Nítorí agbára rẹ̀, Augustus Alágbára ni wọ́n ń pè é. Òun náà ni ó tún jẹ ọba ilẹ̀ Póláǹdì. Ọba yìí fẹ́ràn àwo tánńganran ju bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn àádùn lọ. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé bí àìsàn ni ó rí lára òun. Kí ó tó kú ní 1733, àwo tí ó ti kó jọ ju 20,000 lọ. Owó tí ó ń ná lé e lórí ń gbẹ àpò ìlú, ogun tí ó sì ń bá àwọn ará Sweden jà ń gbẹ ìyókù. Ọba Augustus ń wá owó lójú méjèèjì.

Àkókò yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọjú. Johann Friedrich Böttger ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní 1682. Ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ apòògùn kan ní ìlú Berlin, ní ilẹ̀ Prussia. Ní ayé ìgbà náà, àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá gbà pé oògùn kan wà tí a lè fi sọ òjé di wúrà. Böttger ní òun ti rí i. Ó ṣe é níwájú àwọn ẹlẹ́rìí, wọ́n sì gbà á gbọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ni ó fi dí wọn. Ìròyìn náà dé etí ọba Prussia. Nígbà tí Böttger gbọ́ pé ọba ń wá òun, ẹ̀rù bà á, nítorí ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé kò sí oògùn kankan lọ́wọ́ òun. Ní 1701, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 19, ó sá wọ Saxony. Ó bọ́ lọ́wọ́ ọba kan, ó kó sí ọwọ́ òmíràn. Augustus mú un, ó tì í mọ́lé ní ìlú Dresden, ó sì ní àfi kí ó ṣe wúrà fún òun.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wo ibi tí ìfọ́nnu gbé ọmọ ènìyàn dé! Bí ó bá ní òun lè ṣe é, kò ní rí i ṣe. Bí ó bá sì ní òun kò lè ṣe é, ó ti di ẹlẹ́tàn níwájú ọba, ikú sì ni ẹ̀san rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ikú yìí kì í ṣe àsọdùn, nítorí ní 1709, ọba Prussia so ará Ítálì kan tí ń jẹ́ Caetano rọ̀ nítorí irú ẹ̀tàn wúrà bẹ́ẹ̀ gan-an. Böttger sá lọ ní 1703, ó dé ìlú Enns ní ilẹ̀ Austria, wọ́n mú un padà. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ohun tí ó gba ọmọkùnrin yìí là ni àgbàlagbà kan. Ehrenfried Walther von Tschirnhaus ni orúkọ rẹ̀, ọ̀mọ̀wé tí a bí ní 1651. Ó ti ṣe díńgí ńláńlá àti awò ńláńlá tí ń kó ìtànṣán oòrùn jọ sí ojú kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi awò bàbá àgbà dáná sun ewé gbígbẹ rí, ẹ mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Awò Tschirnhaus tóbi débi pé ó lè yọ́ òkúta. Lójoojúmọ́ ni ó ń fi oríṣiríṣi amọ̀ àti òkúta sábẹ́ awò yìí, tí ó ń wo èyí tí ó yọ́ àti èyí tí kò yọ́, tí ó sì ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ó ti mọ̀ pé bí a bá po ohun méjì pọ̀, àpòpọ̀ náà lè yọ́ níbi tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò ti ní yọ́. Ó ń rò ó nínú ọkàn rẹ̀ pé bóyá ibẹ̀ ni àṣírí àwo Ṣáínà wà. Òun ni ó yí ọkàn Böttger padà kúrò lórí wúrà sí orí amọ̀.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní 1706, àwọn ọmọ ogun Sweden wọ Saxony, a sì gbé Böttger pamọ́ sí inú odi Königstein lórí òkè. Ní 1707 a dá a padà sí Dresden, sínú yàrá abẹ́ odi ìlú. Ibẹ̀ ṣókùnkùn, èéfín kún un, ilẹ̀ ibẹ̀ sì gbóná mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1708, Böttger kọ àkọsílẹ̀ kan tí ó ṣì wà títí di òní. Oríṣi àpòpọ̀ méje ni ó fi sínú iná: ọ̀kan jẹ́ amọ̀ nìkan, mẹ́fà ìyókù jẹ́ amọ̀ tí a po mọ́ òkúta alabásítà ní ìwọ̀n tí ó yàtọ̀ sí ara wọn. Lẹ́yìn wákàtí márùn-ún, ó yọ wọ́n jáde. Àwọn kan ti wó lulẹ̀, àwọ̀ òmíràn ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn funfun, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú wọn kọjá.

Ó dùn mí láti sọ pé Tschirnhaus kò jẹ nínú èrè iṣẹ́ náà. Ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 1708 kan náà. Ní oṣù kẹta 1709, Böttger kọ̀wé sí ọba pé òun lè ṣe àwo tánńganran funfun gidi. Ní oṣù kìn-ín-ní 1710, ọba kéde pé òun dá ilé iṣẹ́ àwo sílẹ̀, nígbà tí ó sì di oṣù kẹfà, wọ́n gbé e lọ sí ààfin olódi kan ní ìlú Meissen. Ilé iṣẹ́ Meissen ṣì ń ṣe àwo títí di òní.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ nínú iná náà? Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn sílẹ̀ díẹ̀, kí a yọjú wo inú amọ̀.

Ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ óò rí i pé wóró rẹ̀ ní igun, ó rí bí àpótí kékeré. Kò sí ẹni tí ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun tíńtìntín tí ó para pọ̀ di iyọ̀, tí ojú wa kò lè rí, ni wọ́n tò ní ẹsẹẹsẹ, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń tò ní òwúrọ̀ kí ẹ tó wọ kíláàsì. Ohunkóhun tí inú rẹ̀ bá tò báyìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní kírísítálì. Kírísítálì ni iyọ̀, kírísítálì ni ṣúgà, kírísítálì ni wóró yanrìn funfun. Gíláàsì kò rí bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Bí èrò ọjà ni inú gíláàsì rí: wọ́n sún mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kò tò.

Amọ̀ funfun pẹ̀lú jẹ́ kírísítálì. Wóró rẹ̀ rí pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja, ó sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ lè jókòó sí orí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ kan. Bí omi bá wà láàárín àwọn ìpẹ́ yìí, wọn a máa yọ̀ lórí ara wọn. Nítorí náà ni amọ̀ tútù fi ń gbọ́ràn sí amọ̀kòkò lọ́wọ́. Bí a bá sá a sí oòrùn, omi yìí a lọ. Bí kò bá lọ tán kí a tó gbé e sínú iná, omi náà a di ooru, ìkòkò a sì bẹ́. Àwọn ìyá wa tí ń mọ ìkòkò mọ èyí dáadáa.

Ṣùgbọ́n omi mìíràn ṣì kù tí oòrùn kò lè lé jáde. Omi yìí wà nínú ètò kírísítálì náà gan-an. Nígbà tí ooru bá tó nǹkan bí dígírì 450 sí 600 lórí ìwọ̀n tí omi fi ń hó ní 100, omi inú ètò yìí a sá jáde, ìtò àwọn ìpẹ́ náà a sì tú. Láti ibẹ̀ lọ, ìkòkò kì í padà di amọ̀ rírọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí àfọ́kù ìkòkò àwọn baba ńlá wa fi wà nínú ilẹ̀ títí di òní, bí òjò ti rọ̀ tó lórí rẹ̀.

Bí a bá tún koná mọ́ ọn títí ó fi kọjá 1,000, àwọn ohun tí ìtò wọn ti tú a bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ́nà mìíràn. Kírísítálì tuntun a hù jáde, èyí tí kò sí nínú amọ̀ tẹ́lẹ̀. Òkúta tí a gún mọ́ amọ̀ náà a yọ́, a máa ṣàn bí oyin tí ó ki, a sì dí gbogbo ihò kéékèèké. Nínú oyin gbígbóná yìí ni kírísítálì tuntun ti ń dàgbà. Kò rí bí ìpẹ́ mọ́. Ó rí bí abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ yìí gùn, wọ́n sì há mọ́ ara wọn bí ọ̀pá inú ògiri. Nígbà tí iná bá dé 1,300 sí 1,400, iṣẹ́ parí. Bí ó bá tutù, oyin náà a di gíláàsì, àwọn abẹ́rẹ́ a sì dúró nínú rẹ̀ bí egungun nínú ẹran. Gíláàsì ni ó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gbà á kọjá. Abẹ́rẹ́ ni kò jẹ́ kí ó wó nígbà tí ó wà nínú iná.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwọ̀n yé yín. Òjé ń yọ́ ní 327. Wúrà ń yọ́ ní 1,064. Iná tí ó ń bí àwo tánńganran ju iná tí ń yọ́ wúrà lọ! Àwọn tí ó ti dá a wò ṣáájú kùnà nítorí iná wọn kò gbóná tó, wọ́n sì fi gíláàsì dípò òkúta. Ẹran wà lára àwo wọn, egungun kò sí. Àwọn ará Ṣáínà ti mọ èyí láti ìgbà pípẹ́. Àlùfáà Faransé kan, François Xavier d'Entrecolles, tí ó gbé ní Jingdezhen, kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀ ní 1712 pé àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ ka kaolin sí egungun àwo, wọ́n sì ka òkúta yíyọ́ sí ẹran ara rẹ̀. Wọn kò ní ẹ̀rọ tí ó lè fi inú àwo hàn wọ́n, ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Ọ̀tá kan ṣì kù, yanrìn funfun tí ó wà nínú amọ̀, èyí tí orúkọ kírísítálì rẹ̀ ń jẹ́ kúọ́tìsì. Ìwà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí iná bá dé 573, lójijì ni ìtò rẹ̀ yí padà díẹ̀, tí ara rẹ̀ sì wú. Bí ó bá ń tutù bọ̀ tí ó tún dé 573, lójijì náà ni ó sún kì. Onímọ̀ Faransé kan, Henry Le Chatelier, ni ó ṣàlàyé ìyípadà yìí ní 1889. Ẹ wá rò ó wò: bí ẹnì kan bá fi ìwàǹwára ṣí ilẹ̀kùn ìléru, ìhà kan àwo á ti tutù kọjá 573, ìhà kejì kò tíì dé ibẹ̀. Ìhà kan ń fà, èkejì kò tẹ̀lé e. Àwo á là, a ó sì gbọ́ dídún rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn oníléru fi ń ní sùúrù kí wọ́n tó yọ ẹrù wọn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sí Meissen. Ọba Augustus rí wúrà funfun rẹ̀. Ṣé ó wá tú Böttger sílẹ̀ ni? Rárá o. Ó fi í ṣe olórí ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì dè é mọ́lẹ̀, nítorí ó ń bẹ̀rù kí àṣírí má jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ibẹ̀ mọ bí a ti ń po amọ̀, òmíràn mọ bí a ti ń ṣe ohun dídán tí a fi ń pa á lára, kí ẹnì kan má bàa mọ gbogbo rẹ̀. Ní 1714 ni Böttger ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Èéfín àti ọtí ti ba ara rẹ̀ jẹ́ nígbà náà. Ó kú ní oṣù kẹta 1719, ọmọ ọdún 37 péré. Àṣírí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ tì í mọ́lé ti ń jáde kí ó tó kú, nítorí ní 1718 ilé iṣẹ́ mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ ní Vienna, nígbà tí ó sì di 1719, òṣìṣẹ́ Meissen kan tí ń jẹ́ Samuel Stölzel sá lọ bá wọn, ó sì fi ọ̀nà hàn wọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dun mí jù lọ nínú ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ ní 1717. Ọba Prussia ní ìkòkò àti àwo Ṣáínà kan tí Augustus fẹ́. Owó kò sí lọ́wọ́ Augustus. Ó kó 600 nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ó fi wọ́n fún ọba Prussia, ó sì gba àwo 151. Ọmọ ènìyàn mẹ́rin fún àwo kan! Àwọn tí ó ní ìyá tí ó ní bàbá ni o. Ìkòkò ńláńlá tí ó wà nínú wọn ni wọ́n ń pè ní ìkòkò àwọn ọmọ ogun títí di òní. Ní àkókò kan náà, ní etí òkun tiwa níhìn-ín, àwọn ọba kan àti àwọn oníṣòwò ń fi ènìyàn gba ọtí, aṣọ àti ìbọn. Ìwà burúkú kì í ṣe ti àwọ̀ kan. Ibikíbi tí ohun ọ̀ṣọ́ bá ti ga ju ọmọ ènìyàn lọ lójú aláṣẹ, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Orúkọ kírísítálì tí ó rí bí abẹ́rẹ́ ńkọ́? Böttger kò mọ̀ ọ́n, àwọn ará Ṣáínà kò mọ̀ ọ́n. Ní 1924 ni àwọn onímọ̀ tó fún un ní orúkọ. Erékùṣù kan wà ní Scotland tí ń jẹ́ Mull. Ní ìgbà láéláé, àpáta yíyọ́ láti inú ilẹ̀ gbé amọ̀ mì níbẹ̀, ó sì sè é jinná. Kírísítálì kan náà tí ń hù nínú ìléru ni wọ́n rí nínú òkúta náà, wọ́n sì pè é ní mullite nítorí erékùṣù yẹn. Ohun tí ilẹ̀ ti ń ṣe fúnra rẹ̀ kí ènìyàn tó dé ayé ni àwọn amọ̀kòkò Ṣáínà rí ṣe nínú ìléru.

Bí a bá tún wo ilé wa, àwa náà kò jókòó lásán. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, a ti hú àfọ́kù ìkòkò tí àwọn baba wa fi ń yọ́ gíláàsì fún ìlẹ̀kẹ̀. Leo Frobenius, ará Jámánì, rí nínú wọn ní 1910. Ní ọ̀rúndún tí a wà yìí, àwọn onímọ̀ tún walẹ̀ níbẹ̀, wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí ó ju 12,000 lọ, wọ́n sì fi hàn pé láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15 ni a ti ń ṣe gíláàsì níbẹ̀. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ọmọ mi: gíláàsì yọ́ nínú ìkòkò náà, ìkòkò kò yọ́. Ẹni tí ó mọ ìkòkò yẹn ti mọ amọ̀ yàn. Ní 1951, Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Bìrìtìkó, dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́ tí a ń pè ní Suleja nísinsìnyí, níbi tí wọ́n ti ń sun ìkòkò nínú ìléru gbígbóná. Obìnrin Gwari kan tí ó ti mọ ìkòkò mímọ láti ilé, Ladi Kwali, wọ ibẹ̀, okìkí rẹ̀ sì kàn dé òkè òkun. Ẹ wo ẹ̀yìn owó 20 náírà, àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀.

Mo ti jẹ yín ní gbèsè ọ̀rọ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí àwo bàbá mi là, tí ìkòkò ìyá àgbà kò là? Iná gbangba tí a fi ń sun ìkòkò wa kì í sábà kọjá 900. Kò yọ́ amọ̀ di gíláàsì. Ihò kéékèèké àti wóró yanrìn kún inú rẹ̀. Bí ìdí rẹ̀ bá gbóná tí ó fẹ́ wú, àyè wà fún un. Bí ó bá sì fẹ́ là, ìlà náà a rìn díẹ̀, a kó sínú ihò, a dúró. Ṣùgbọ́n àwo tánńganran ti di ara kan ṣoṣo, kò ní ihò. Ìdí rẹ̀ wú lórí iná, etí rẹ̀ tutù; ó fà á títí, ó là, kò sì sí ohun tí ó dá ìlà náà dúró. Èyí tí ó lágbára jù nínú ìléru ni kò lè fara da àdògán. Ohun kọ̀ọ̀kan ni ó ní ibi tí ó bá a mu: ìkòkò fún ọbẹ̀, àwo fún jíjẹ. Àwo funfun orí òpó iná mànàmáná, tí kò jẹ́ kí iná gba ara òpó bọ́ sílẹ̀, ọmọ ìyá àwo Meissen ni. Nǹkan funfun tí ó wà lára púlọ́ọ̀gì mọ́tò pẹ̀lú, kírísítálì tí ó ti inú iná jáde ni.

Àwọn àgbà ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbóná. Nígbà tí ẹ bá dé ilé ìdáná lọ́la, ẹ wo ìkòkò àti àwo tí ó wà níbẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì bi àwọn ìyá yín léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa wọn. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ fi ọgọ́rùn-ún ọdún wá ni ẹ óò gbọ́ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé àwo tánńganran kaná o. Èmi ti dá a wò fún yín.

Ó dàárọ̀ o.